Kòkòrò Tí Kì Í Fẹsẹ̀ Ara Rẹ̀ Rìn

Ẹ wo èékánná mi. Láti ìgbà ọmọge mi títí di òní tí mo ti di arúgbó tó ń jókòó sábẹ́ igi dógóyárò, n kò jẹ́ kó gùn kọjá ẹran ìka rí. Àwọn ọmọ àdúgbò máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ní Màmá Débórà ń gé èékánná bí ẹni ń fá orí sójà. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé, tí ẹ ń wá bi mí pé irú iṣẹ́ wo ló dáa kí ẹ kọ́, èékánná yìí ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Òun ni ìwé ẹ̀rí mi tí iná kò lè jó.

Iṣẹ́ ilé àyẹ̀wò ni mo ṣe. Bí ara ọmọ bá gbóná, bí inú àgbà bá ń run, àwa ni wọ́n ń gbé ẹ̀jẹ̀, itọ̀ àti ìgbẹ́ wá bá kí dókítà tó mọ oògùn tí yóò kọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá kórìíra ìgbẹ́, kó má sọ pé òun fẹ́ràn ọmọ.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gùn lẹ́nu. Àwọn òyìnbó ṣì ń ṣe ìjọba, Kàbà sì wà lábẹ́ Àríwá. Mo ka ìwé mẹ́fà tán ní Ògìdì, mo wá ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi Ràkẹ́lì tó lọ́kọ sí Kàbà. Ilé ìwòsàn kan ń wá ọmọbìnrin tó mọ̀wé tí kò sì bẹ̀rù ẹ̀jẹ̀. Wọ́n gbà mí. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì tó mi jẹ. Ó parí.

Ẹni tí wọ́n fà mí lé lọ́wọ́ ni ìtàn gan-an. Ọ̀gá Jósáyà, ọmọ Mọ̀pà ni, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń wọ ṣòkòtò kúkúrú funfun tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀ tó le gbagidi. Kì í pariwo. Bí o bá ṣe àṣìṣe, á kàn wò ọ́ títí, á ní, "Débórà, ojú lo fi ṣe èyí ni, àbí ẹnu?" Ìwọ alára ni yóò wá máa wá ihò tí o máa kó sí.

Odidi ọdún kan, ìgò ni mo ń fọ̀. Mo fọ ìgò, mo sè é, mo tò ó, mo tún un fọ̀. Lọ́jọ́ kan ó sú mi.

"Ọ̀gá, ìgbà wo lẹ máa jẹ́ kí n wo inú awò yìí?"

Awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá ni mò ń wí, maikirosikóòpù. Dígí róbótó kan wà nídìí rẹ̀ tí à ń dojú rẹ̀ kọ fèrèsé kí oòrùn lè wọnú rẹ̀.

"Ìgbà tí ìgò bá mọ́," ó ní.

"Ìgò ti mọ́, sà."

"Ta ló sọ?"

"Ojú mi ló sọ bẹ́ẹ̀, sà."

"Ojú rẹ kò tíì mọ nǹkan kan. Lọ fọ ọwọ́ rẹ, kó o padà wá."

Mo lọ bu omi sínú bàsíà, mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi bí ẹni ń lọ síbi ìgbéyàwó. Nígbà tí mo dé, ó ṣí àwo dígí pẹlẹbẹ kan sílẹ̀ níwájú mi. Nǹkan tó wà nínú rẹ̀, omi ẹran ni a fi ń sè é pẹ̀lú ìyẹ̀fun kan, bó bá tutù á dì gbagidi bí ẹ̀kọ. Ẹ̀kọ kòkòrò là ń pè é. Oúnjẹ àwọn kòkòrò àìfojúrí ni, àwọn tí òyìnbó ń pè ní bakitéríà.

"Fi ìka rẹ márààrún kàn án."

Mo fi kàn án. Ó dé e, ó sì gbé e sínú àpótí pákó tí a fi àtùpà kékeré kan mú kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn. Èmi ni mò ń ṣọ́ àtùpà náà, bí adìyẹ tó sàba lé ẹyin. Lọ́jọ́ kejì ó ṣí i. Ibi márùn-ún tí ìka mi ti kan ẹ̀kọ náà ti hù; nǹkan funfun wẹ́wẹ́ kún ibẹ̀ bí ọkà bàbà tí wọ́n dà sílẹ̀, ìka kọ̀ọ̀kan sì ní ààyè tirẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n yà á sílẹ̀.

"Ọwọ́ ta nìyí?"

Mo fi ọwọ́ náà pamọ́ sẹ́yìn.

"Ọwọ́ ẹni tó ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ ni."

Ọjọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé èékánná. Ọ̀gá kọ́ mi láti máa fọ ọwọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ táńkì tó wà lẹ́yìn ilé, kí omi máa ṣàn lé e lórí. Mo ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò bi í léèrè ìdí rẹ̀. Èmi rò pé ọṣẹ ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà. Ìdajì ni mo kọ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá. Ìdajì kejì, ara ọmọ ọlọ́mọ ni mo ti kọ́ ọ.

Nígbà náà, àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ti sọ yàrá ìkàwé àtijọ́ kan di ilé ọmọ wẹ́wẹ́. Ìyá tó bá ń lọ roko, tó ń lọ sọ́jà tàbí tó jẹ́ tíṣà, á gbé ọmọ rẹ̀ síbẹ̀ láàárọ̀, á wá gbé e nírọ̀lẹ́. Opó kan tí à ń pè ní Ìyá Ẹ́sítà ló ń tọ́jú wọn, wọ́n á sì tó bí ogún. Súlè, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún méjì, wà níbẹ̀. Mùsùlùmí ni bàbá rẹ̀, Búráímọ̀ télọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń bi ọmọ ọwọ́ pé ẹ̀sìn wo ló ń ṣe.

Èmi tí mo ti mọ kòkòrò, mo gbéra lọ síbẹ̀ láti lọ kọ́ wọn ní ìmọ́tótó. Kò sẹ́ni tó rán mi. Abọ́ tánganran kan wà tí ìyá mi fún mi nígbà tí mò ń bọ̀ láti Ògìdì, abọ́ ńlá tó ní òdòdó pupa nínú. Mo gbé e lọ, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà wọn, mo fi ọṣẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Okun o, Ìyá Ẹ́sítà. Láti òní lọ, kí ọmọ kankan má jẹun láìwẹwọ́."

"Okun, ọmọ mi. Ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. O ṣeun."

A tò wọ́n. Ọmọ ọdún márùn-ún ló kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ọmọ ọdún mẹ́rin tẹ̀ lé e, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé orí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tá gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́. Bí a ti ń ṣe é nílé wa nìyẹn, àgbà kí ọmọdé tó kàn. Bí omi bá sì ti wà nínú abọ́, a kì í dà á nù kí ó tó kárí. Bí o bá da omi tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹwọ́ sí nù kí o tó wẹ tìrẹ, bí ẹni pé o pè é ní adẹ́tẹ̀ ni. Àwọn tó bá jọ wẹwọ́ nínú abọ́ kan ni ọmọ ìyá. Òwe wa sọ pé ọmọdé mọ ọwọ́ wẹ̀. Kò sọ irú omi tó fi wẹ̀ ẹ́, èmi náà kò sì bi í.

Inú mi dùn lọ sílé. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń gbéraga káàkiri.

Ìgbà tí àgbàdo tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọjà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀. Inú ọmọ méjì ṣí. Àwọn ìyá ní eyín ni. Lọ́dọ̀ wa, bí ọmọ bá ń hu eyín tó ń ṣu gbuuru, a kì í wá ẹni tí a máa dá lẹ́bi. Ní ọjọ́ kẹta wọ́n di mẹ́rin. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po wọ́n di mẹ́sàn-án, ẹ̀jẹ̀ àti ikun sì ti wà nínú ohun tí wọ́n ń ṣu. Ìgbẹ́ ọ̀rìn nìyẹn, kì í ṣe eyín. Súlè wà lára wọn. Ojú rẹ̀ jìn wọnú, bí mo bá fi ìka fa awọ ikùn rẹ̀ sókè, ńṣe ló máa dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ bí aṣọ tí a ká. Ilé ìwòsàn fún un ní oògùn, Ọ̀gá sì ní kí Ràkẹ́lì máa fi ṣíbí fún un ní omi sísè àti omi ẹ̀kọ tó ní iyọ̀ díẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kó má dáwọ́ dúró. Ràkẹ́lì kò dáwọ́ dúró.

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́sàn-án náà, Bọ́sẹ̀ ọmọ Tíṣà Rúùtù, kò rí ọ̀sẹ̀ kejì. Ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí nìyẹn.

Ìjọba rán sánítárì wá, ẹni tí àwa ará ìhín ń pè ní dùbágàrí bí àwọn Háúsá ti ń pè é. Ó ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, kò rí. Ó wo ṣáláńgá, ó wo ògì, ó kọ̀wé, ó lọ. Ṣùgbọ́n ìlú ti dájọ́ tiwọn: ògì Ìyá Ẹ́sítà ni. Ẹnìkan lọ da asẹ́ ògì rẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wá ránṣẹ́ pé bó bá di ọjọ́ Ìsinmi tí kò bá sí ẹni tó mọ ibi tí àìsàn náà ti ń wọlé, àwọn máa ti ilé náà pa, kí Ìyá Ẹ́sítà sì máa lọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la gbọ́.

Ọ̀gá Jósáyà ní, "Lọ gbé ìgbẹ́ Súlè wá. Kó ṣì gbóná nígbà tó bá dé ọwọ́ mi."

Mo sáré lọ, mo sáré bọ̀. Ó fi díẹ̀ sábẹ́ awò, ó wò ó, ó dìde fún mi.

"Kí lo rí?"

"Ẹ̀jẹ̀, sà. Àti nǹkan róbótó róbótó tó pọ̀ bí ẹyin ẹja."

"Ọyún nìyẹn. Ṣé nǹkan kan ń rìn? Àmíbà máa ń wọ́ bí ìgbín."

Mo wò títí omi fi bọ́ lójú mi. "Kò sí èyí tó ń rìn, sà."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní oríṣi ìgbẹ́ ọ̀rìn méjì ló wà, èyí tí àmíbà ń fà àti èyí tí bakitéríà ń fà, èkejì yìí ló sì máa ń já wọ ibi tí àwọn ọmọdé bá pọ̀ sí. A fi díẹ̀ sára ẹ̀kọ kòkòrò. Lọ́jọ́ kejì, ó hù: àmì kéékèèké tó mọ́ gaara bí ìrì. Nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, Ọ̀gá ti yẹ̀ ẹ́ wò nínú àwọn ìgò kéékèèké tó fi ń dá kòkòrò mọ̀, ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé: Ṣìgẹ́là.

"Díẹ̀ báyìí nínú rẹ̀ ti tó láti dá ọmọ dùbúlẹ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n gbọ́. Kò lẹ́sẹ̀, kò nírù. Kì í rìn. Ìwọ sọ fún mi, báwo ló ṣe kúrò nídìí ọmọ kan tó fi dé ẹnu ọmọ mẹ́sàn-án?"

"Ẹnìkan ló ń gbé e, sà."

"Lọ wá ẹni náà."

Nígbà tí mo dé ilé ọmọ wẹ́wẹ́, àwọn ọmọ tó kù kò ju mẹ́jọ lọ. Ìyá Ẹ́sítà ń bọ́ wọn, kò wò mí lójú. Mo fi òwú kan omi ìkòkò, mo kan ògì, ṣíbí, ife, ẹní. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi.

"Gbà, yẹ èyí náà wò. Bẹ́ ẹ bá rí i níbẹ̀, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ wá sọ fún mi. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń lọ sódò."

Mo fi òwú kan ọwọ́ rẹ̀ náà, mo sì kó òwú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nínú ìgò padà fún Ọ̀gá. Ó tò wọ́n sórí tábìlì, ó fi ìka kà wọ́n.

"Kí lo fi sílẹ̀?"

"Kò sí, sà."

"Débórà. Kí ni ọwọ́ gbogbo wọn ń kàn lójúmọ́?"

"Abọ́ ìwẹwọ́, sà. Ṣùgbọ́n ọṣẹ wà níbẹ̀."

"Mi ò bèèrè ọṣẹ."

Mo padà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹwọ́ tán. Mo wo inú abọ́ ìyá mi, n kò rí òdòdó pupa rẹ̀ mọ́. Omi náà ti dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹ̀wà. Ó ti pẹ́ tó ti ń rí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ojú mi sì ń wò ó. Mo bu díẹ̀.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Ọ̀gá tò àwo méjèèje síta. Ti ògì kò hu nǹkan kan. Ti ìkòkò hu méjì mẹ́ta. Ti ọwọ́ Ìyá Ẹ́sítà hu díẹ̀, kò jọ ti àwọn ọmọ. Ti abọ́ kún dé etí, àwọn tó mọ́ gaara bí ìrì sì wà láàárín wọn.

"Ó ku ọjọ́ méjì kí n tó lè fi orúkọ pe àwọn wọ̀nyí," Ọ̀gá ní. "Ṣùgbọ́n pé ìgbẹ́ wà nínú omi tí wọ́n fi ń wẹwọ́ jẹun, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn. Ta ló gbé abọ́ náà síbẹ̀?"

"Èmi ni, sà."

"Ó dáa. Ìwọ lo máa sọ ọ́."

Mo délé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, n kò lè jẹun. Súlè ti béèrè iṣu lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ láàárọ̀, ẹ̀rín sì ti padà sí ẹnu Ràkẹ́lì, ṣùgbọ́n èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Búráímọ̀ wà níwájú mi lórí àpótí, ó ń ṣe àlùwàlá ìrọ̀lẹ́. Ó tẹ kẹ́tùrù, omi dà sọ́wọ́ rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀, ilẹ̀ mu ún. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí i láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé yẹn. Omi tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò padà sínú kẹ́tùrù láéláé.

Mo dìde. "Bàbá Súlè, ẹ yá mi ní kẹ́tùrù yìí lọ́la."

Ó wò mí. "Ìyá Ọlọ́wọ́-mímọ́, ṣé o fẹ́ wá kírun ni?"

"Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fẹ́ gbé e lọ."

Ràkẹ́lì bú sẹ́rìn-ín láti inú ilé. Ọkọ rẹ̀ mi orí. "Kẹ́tùrù ìmàle, nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Bí wọ́n bá lé e jáde, kí ìwọ náà má dúró níbẹ̀ o. Gbé e."

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ kejì, ìgbìmọ̀ jókòó, àwọn ìyá ọmọ kún ẹ̀yìn. Tíṣà Rúùtù wà lórí bẹ́ǹṣì ìkẹyìn, irun rẹ̀ kò ní dídì. Mo ti rò ó pé kí n sọ pé "abọ́ kan," kí n má sọ ẹni tó ni ín. Mo gbé abọ́ náà sórí tábìlì.

"Ògì Ìyá Ẹ́sítà mọ́. A yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Inú abọ́ yìí ni àìsàn ń gbà kiri. Ọmọ tí ìdí rẹ̀ kò mọ́ á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, èyí tó tẹ̀ lé e á kó o lọ sẹ́nu. Èmi ni mo gbé abọ́ náà síbẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n máa wẹ̀ nínú rẹ̀."

Tíṣà Rúùtù dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó jáde. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti gbọ́ èébú láyé mi, kò sí èyí tó wúwo tó ìró ẹsẹ̀ obìnrin yẹn.

Ìyá Ẹ́sítà ló kọ́kọ́ fọhùn. "Ìwọ lo gbé abọ́ wá, lóòótọ́. Èmi ni mò ń ki ọwọ́ wọn bọ̀ ọ́. Má dá a gbé."

Mo wá gbé kẹ́tùrù jáde nínú àpò. Mo da omi lé ọwọ́ Ìyá Ẹ́sítà lórí kí wọ́n lè rí i. Díákónì kan dìde.

"Ẹ dúró ná. Ṣé àlùwàlá la fẹ́ máa ṣe nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì báyìí?"

"Bàbá," Ìyá Ẹ́sítà dáhùn, "ìgbà tí ẹ wọ tẹmpílì wá láàárọ̀ yìí, ta ló rán agbádá yín?"

Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé Búráímọ̀ ni. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Díákónì jókòó.

Wọn kò ti ilé ọmọ wẹ́wẹ́. A ri igi méjì tí orí wọn là sí méjì mọ́lẹ̀, a fi ọ̀pá dábùú wọn, a so kẹ́tùrù kan kọ́ ọ, a gbẹ́ kòtò sábẹ́ rẹ̀, a da òkúta wẹ́wẹ́ sí i. Lọ́jọ́ Ajé, orúkọ tó jáde nínú omi abọ́ bá ti ìgbẹ́ Súlè mu. Mo rò pé Ọ̀gá máa yìn mí. Ó ní, "Ìgò méjì wà níbẹ̀ tí kò mọ́." Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí ọmọ tuntun tó ṣàìsàn mọ́. Ẹsẹ̀ Súlè tín-ín-rín títí di ọyẹ́, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í já ọsàn ọlọ́sàn.

Ọ̀gá fi abọ́ náà kọ́ ìṣó lójú ògiri, ó kọjú sí ibi tí mo ń jókòó sí. Abẹ́ rẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ títí mo fi kúrò níbẹ̀. Mo ṣiṣẹ́ ní Ìsánlú, mo ṣiṣẹ́ ní Lọ́kọ́ja, mo padà sí Kàbà. Dígí tó ń gba oòrùn lọ, iná mànàmáná dé. Àpótí pákó mi tó ń fi àtùpà gbóná, wọ́n gbé e jù nù, wọ́n gbé ti irin wá tí kò nílò ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ẹ̀kọ kòkòrò, wọ́n ń sè é wá láti òkèèrè nínú àwo ike, bí o bá lò ó tán o ó jù ú nù. Mi ò fọ ìgò mọ́. Gbogbo rẹ̀ dára. N kò ní í purọ́ fún yín pé ti àtijọ́ sàn jù. Ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹ̀rọ kan tó bi mí rí pé, "Kí lo fi sílẹ̀?" Ìwọ fúnra rẹ ni o máa bi ara rẹ, ohun tó bá sì jẹ́ tìrẹ, tó o fi ń yangàn, ni kó o kọ́kọ́ gbé sábẹ́ awò.

Ó ku ẹyọ kan tí n kò tíì sọ.

Ó ju ọdún méjì lọ lẹ́yìn ìpàdé yẹn. Mo yà sí ilé ọmọ wẹ́wẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan láti wo kòtò omi. Tíṣà Rúùtù dé, ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ọmọkùnrin tí kò tíì ju ọdún kan lọ. Láti ọjọ́ tó ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Bí a bá pàdé lọ́nà, á kọjá. Ó sọ ọmọ náà kalẹ̀, ó dì í lọ́wọ́ mú, ó fà á dé ìdí igi kẹ́tùrù. Ìyá Ẹ́sítà fẹ́ dìde, Tíṣà Rúùtù fi ojú dá a dúró. Ó yíjú sí mi.

"Okun, Débórà."

"Okun, mà."

"Dà á. Kí n rí i."

Mo tẹ kẹ́tùrù. Mo fọ ọwọ́ ọmọ rẹ̀, àárín ìka, abẹ́ èékánná, ẹ̀yìn ọwọ́. Kò wo ojú mi, kò wo ojú ọmọ. Ilẹ̀ ló ń wò, ibi tí omi ń bọ́ sí, títí ẹ̀kán tó kẹ́yìn fi wọ inú òkúta lọ. Lẹ́yìn náà ó fa ọwọ́ ọmọ náà lé mi lọ́wọ́, ó gbé àpò ìwé rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ lọ.